Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Tó Gbé Ìdáhùn Mi Mì

Bäckmyran,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá.

Malin ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Àwọn ará Stockholm tí wọn kì í kí ara wọn nínú ọkọ̀ ojú irin, ṣé wọn ò tíì sọ ìwọ náà di odi? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ojú títì. Kò ní jẹ́ kí o rí àìsàn tí àwọn dókítà ibẹ̀ yóò máa pè ní àárẹ̀ ọkàn, nígbà tó jẹ́ pé ebi ló ń pa ọ́. Ibi tó o bá tẹ̀, ibẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àdúrà tèmi nìyẹn. Ká ní ìyá rẹ wà láyé ni, ìbá gùn ju báyìí lọ, òun ló mọ àdúrà í gbà nílé yìí.

Bó o bá ń béèrè mi, mo wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Yìnyín ti dé orúnkún. Tessa ajá wa ti sanra, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ló ra ilé yìí. Birgit aládùúgbò wa ti lọ ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń rìn kiri inú ilé tó ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó ń kí i ní òwúrọ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún un bí ẹni pé pásítọ̀ ló ń kọjá. Mo sọ fún un pé ìgbálẹ̀ tí mo mọ̀ kì í rìn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sùn. Ó ní mi ò lajú.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà. O sọ fún Birgit lórí fóònù pé bàbá rẹ ò fẹ́ ọ nílé. Birgit wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì kígbe rẹ̀ síta nítorí etí mi, gbogbo ilé márùn-ún tó kù lábúlé ló gbọ́. Ó ní o fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé ilé kan ní Stockholm lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ilé oníyàrá kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ tó ra abúlé yìí pẹ̀lú Birgit nínú. Malin, jọ̀ọ́, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ka lẹ́tà yìí tán ná. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì ni wọ́n ń pín lẹ́tà báyìí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará oko kì í yá, ṣùgbọ́n yóò bá ọ kí oṣù tó pé.

Ìwọ lo ní kí n lọ ra hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Mi ò gbàgbé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ ni fóònù ti di ìjà láàárín èmi àtìwọ. Òun ló máa ń gbọ́ ohun tó o bá sọ, tí á sì tún un sọ sí mi létí ọ̀tún, èyí tí ẹ̀rọ agégi ò tíì jẹ tán. Nígbà tí kò sí mọ́, ìwọ á máa sọ̀rọ̀, ohun tí mò ń gbọ́ ò ju eṣinṣin inú ìgò lọ. Wàá ní mò ń pariwo mọ́ ọ, èmi á ní ìwọ lò ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a ó sì jọ so fóònù kọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà náà lo wá ní kí n ra ohun tí àwọn tó ń ṣeré géèmù ń dé sórí, tó ń bo etí méjèèjì, tí gbohùngbohùn kékeré yọ síwájú ẹnu rẹ̀. Mo ní mo ní ohun tí mo fi ń bo etí nígbà tí mo bá ń gégi, ogójì ọdún ni mo ti ń lò ó. O ní tèmi yẹn ń lé ohùn jáde ni, èyí ń mú ohùn wọlé. Mo ní wọ́n jọra. O ní kí n wá èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete, tí gbohùngbohùn rẹ̀ dáa, tí kò sì ní gbówó lérí, a ó jọ máa ṣeré géèmù igi gígé kan lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Àìkú, a ó sì máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo gbà. Kí ni bàbá ò ní gbà fún ọmọ ẹyọ kan.

Mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ síbi ìsìnkú, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Lycksele. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń jẹ́ Hampus. Ará gúúsù ni, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ògì há sí lọ́nà ọ̀fun, irùngbọ̀n rẹ̀ ò ju ti ewúrẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n to hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kọ́ sára ògiri bí orí àgbọ̀nrín nílé olórí ọdẹ. Ó kọ́kọ́ mú ọ̀kan wá tí owó rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá kírónà, tí iná ń tàn lára rẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Mo bi í pé ta ló ń wo iná náà, nítorí pé ẹni tó dé e ò lè rí etí ara rẹ̀. Ó ní àwọn tó bá ń wò mí nínú kọ̀ǹpútà ni. Mo ní mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò mí. Mo ní lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tó bá ń tàn lórí èèyàn, torí kí ọdẹ má baà yìnbọn lù ú ni. Ó ní òun ò rò ó báyẹn rí. Mo rí i pé kì í ronú púpọ̀.

Ó tún mú òmíràn wá, ó ní ohùn méje àti ìdá kan ló wà nínú rẹ̀, tí yóò máa ti gbogbo ìhà wá bá mi. Mo ti ń gbọ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Etí méjì ni Ọlọ́run fún mi, ọ̀kan ti bàjẹ́, níbo ni n óò wá kó ohùn mẹ́fà tó kù sí? Ó mú ẹ̀kẹta wá, ìyẹn ò ní wáyà, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ máa fún un ní iná jẹ lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú sí ọ lórí. Mo ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń fún màlúù lóúnjẹ lójoojúmọ́, màlúù ń fún mi ní wàrà, kí ni èyí ń fún èèyàn? Ó ní òmìnira. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbà á gbọ́ ni.

Níkẹyìn ó mú èyí tó ní wáyà wá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kírónà ó dín kan. Tìmùtìmù etí rẹ̀ rọ̀, ó gba orí mi tòun ti fìlà, nítorí mi ò ní ṣí fìlà fún ẹ̀rọ. Ó wá ń yin gbohùngbohùn rẹ̀ bí ìyá ọkọ tó ń yin ọmọ rẹ̀. Ó ní ó ń fọ ohùn mọ́. Ó ní ó mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì mọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ni o, ajá ni o, ìkòkò tó ń hó lórí iná ni o, gbogbo ẹ̀ ni yóò dà nù, ọ̀rọ̀ èèyàn nìkan ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní wọ́n ti kọ́ ọ. Mo bá sanwó. Ó tún ní kí n fún òun ní àdírẹ́sì nítorí ìwé àtúnṣe bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, mo sọ fún un pé ilé pupa kejì lẹ́yìn afárá. Ó ní rárá, ti kọ̀ǹpútà. Mo ní kọ̀ǹpútà náà, ibẹ̀ ló ń gbé.

Ti géèmù yẹn, mi ò tíì sọ tinú mi fún ọ. Ogójì ọdún ni mo fi gégi, ó gba etí mi, ó gba ẹ̀yìn mi, ìwọ wá ń sanwó ní Stockholm kí o lè máa gé igi tí kò ṣeé fi dáná. Kí n tó wọlé, ó ní kí n sọ bóyá mo fara mọ́ àdéhùn àwọn tó ni ín. Mo kà á fún ọjọ́ mẹ́rin bí èèyàn ṣe ń ka ìwé kó tó ta igbó. Mi ò fara mọ́ ìlà kọkànlá, tó ní wọ́n lè yí ohunkóhun padà nígbàkigbà, mo sì kọ̀wé sí wọn. Wọn ò fèsì. Birgit ló wá fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé a gbà, nítorí náà tí wọ́n bá dé láti gba ilé, ilé Birgit ni wọn yóò gbà. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo bá ọ tí o ti gé ọ̀ọ́dúnrún igi láàárín wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ o sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú kí a tó gégi la fi ń sọ fún ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó igbó. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ fún ọ, kí wọ́n má baà mú ọ. Obìnrin ọ́fíìsì dá a padà, ó ní òun ò rí ilẹ̀ náà lórí máàpù. Mo ti fura pé ilẹ̀ ọ̀ràn ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tó o pè mí ní Bàbá, ó wọlé sí mi létí méjèèjì bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí. Mo gbọ́ bó o ṣe ń gbé kọfí mì. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ tó jọ ohùn rẹ kẹ́yìn. Mo ní kí o dúró, mo ń bọ̀, mo fẹ́ lọ wo iná ìdáná. Kò sí nǹkan kan tó ṣe iná. Mo kàn dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú ni pé o ò yé bi mí léèrè bóyá mo wà ńbẹ̀. Wàá bi mí ní nǹkan, n óò dá ọ lóhùn, wàá tún ní ṣé mo wà ńbẹ̀. Mo ní sínú ara mi pé ìlú ńlá ti ba etí ọmọ yìí jẹ́ ju tèmi lọ.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù tó kọjá. O dá ọkọ̀ tó o fi ń kó igi nínú géèmù dúró láàárín ọ̀nà. O ní ibi iṣẹ́ rẹ ti gbà kí òṣìṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ibi tó bá wù ú. O ní Stockholm ti sú ọ, pé ilé kékeré tí ìyá mi gbé lẹ́yìn ilé wa, tó ṣófo, o fẹ́ wá máa gbé ibẹ̀ tí mo bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. O ní ṣé mo fẹ́. Mo dá ọ lóhùn. Mo fa èémí wọlé bí bàbá mi ṣe ń fà á, bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe ń fà á, ètè kíkójọ, fíì, ó tán. Bí a ṣe ń sọ pé ‘bẹ́ẹ̀ ni’ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń la ẹnu sí i, ìwọ náà ń ṣe é kó o tó lọ kọ́ ọ̀rọ̀ gígùn. O tún ní kí n sọ òótọ́, ṣé mo fẹ́ kó o wá. Mo tún fà á, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. O bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ ti yí padà, mo sì fà á débi pé Tessa dìde dúró. O wá ní ó dáa, o ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ rẹ wà lójú ọ̀nà, kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀.

Mo rò pé o ti lọ di ẹrù ni. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ilé ìyá mi. Mo lé eku jáde, mo gbá ihò èéfín, mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ wọlé pẹ̀lú ẹ̀yìn mi yìí, mo dáná síbẹ̀ kí ògiri lè gbẹ. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan mo ń wọ inú géèmù yẹn, mo ń dé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí kò lẹ́nìkan, mo ń dúró dè ọ́ bí òmùgọ̀ nínú igbó tí kò sí lórí máàpù. O ò wá. Nígbà tí Birgit wá kígbe tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú bí mi gidi gan-an. Mo ní ọmọ tí mo dá lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ ń sọ fún aládùúgbò pé mi ò fẹ́ òun. Birgit ní bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo bá gbé e, ó di Lycksele, mo fẹ́ lọ fi ojú Hampus gbolẹ̀.

Hampus so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun yóò gba ohùn mi sílẹ̀, a ó sì jọ gbọ́ ọ. Ó bi mí bóyá mo mu kọfí láàárọ̀ yìí. Mo dáhùn. Ó bi mí bóyá mo lájá. Mo dáhùn. Ó wò mí, ó sáré gbé àga wá, ó ní ṣé ikọ́ fée ló ń ṣe mí ni. Obìnrin kan tó fẹ́ sanwó ìkòkò omi lẹ́yìn mi ní kí ni ó ń ṣe ọmọ yìí, ṣé kò gbọ́ pé bàbá ń dá a lóhùn ni? Ó kó ètè jọ, ó fà á hàn án. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà fà á. Bí gbogbo ìlà ṣe gbà á nìyẹn, èèyàn mẹ́fà, fíì, fíì, fíì, ojú Hampus pọ́n bí èso igbó. Ọdún méjì ló ti ń tajà níbẹ̀. Ó ní òun ti rò pé àwọn ará ibẹ̀ kì í fèsì ni.

Ó wá jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Malin, ohùn tirẹ̀ wà níbẹ̀, ògì ọ̀fun rẹ̀ tòun tìyẹn. Tèmi ò sí. Ó bi mí ní kọfí, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó bi mí ní ajá, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ yẹn ti fọ ohùn mi mọ́ títí ó fi fọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́, tó mọ ọ̀rọ̀, tó mọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀, ó gbọ́ ìdáhùn bàbá sí ọmọ rẹ̀, ó pè é ní afẹ́fẹ́, ó dà á nù. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò tiẹ̀ rí ilẹ̀ balẹ̀ sí.

A dán gbogbo èyí tó wà lára ògiri wò, àwọn tó wà nílà ò lọ, wọ́n ń bá mi fà á. Olówó ẹgbàá tòun ti iná rẹ̀, kò gbé nǹkan kan jáde. Olóhùn méje, òfo. Èyí tó gbé e jáde ni ọ̀kan tí páálí rẹ̀ ti ya, ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta kírónà, tí wọn ò kọ́ ní nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ mọ́ dáadáa, ó kàn ń gbé gbogbo ohun tó bá gbọ́ lọ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òun ni mo gbé wálé. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bi ọ́ èwo ló dáa jù, sọ fún un pé kó ra èyí tí kò kàwé.

Mo ń bú ẹ̀rọ yẹn wọ bọ́ọ̀sì, mo ń bú u títí a fi kọjá odò, nígbà tó yá, èébú tán. Torí kì í ṣe ẹ̀rọ lo bi. Ìwọ bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ ń yí padà, mo gbọ́ ọ pé ó ń yí padà, ohùn wọlé ketekete, n kò sì la ẹnu. Ìyá rẹ ló máa ń bá mi là á. Mo rò pé òun ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi ni, mi ò mọ̀ pé òun náà ló ń sọ tèmi fún ọ. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá ní ó dáa, Bàbá ní kó o wá jẹun. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ní ẹnu, mo sì ń fi gbé kọfí mì. Ó dùn mí gan-an.

Nítorí náà sọ fún onílé Stockholm kó wá ẹlòmíràn. Fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, ọ̀dà ojú fèrèsé ilé ìyá mi ti ń bó, ẹni tí yóò máa wo ìta láti ibẹ̀ ló yẹ kó ra ọ̀dà. Inú àpòòwé ni kó o fi sí. Má fi í gba inú fóònù, nítorí báńkì ní fóònù ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé èmi ni èmi, fóònù yìí ò sì mọ̀ mí rí. Kí Ọlọ́run mú ọ wọ ọkọ̀ láyọ̀, kó mú ọ sọ̀ láyọ̀, kó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gbè ọ́, kí o má ṣe dá nìkan darúgbó.

Mo fẹ́ kó o wá. Mo fẹ́ kó o wá. Mo fẹ́ kó o wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn, bó o ṣe bi mí.

Èmi bàbá rẹ,
Sivert